Déésì orí òkè tí mo wá rà ní Òṣogbo

Ìbàdàn ni mo ti gbéra lọ́jọ́ Sátidé kan nínú oṣù Kejì. Ọ̀nà Ìwó la gbà, ọkọ̀ ò yọ wá lẹ́nu, ẹ jẹ́ kí n tètè dé orí ọ̀rọ̀ olódòdó tó dùn mí wọra.

Mo ti to òkúta síwájú ilé mi, òdòdó ló kù. Déésì kékeré kan ló wà lọ́kàn mi, Rhodanthemum hosmariense, ọmọ àwọn òkè Mòrókò: ìtànná funfun, àárín rẹ̀ bí ìyeyè, ewé rẹ̀ ń dán bíi fàdákà. Irun wẹ́wẹ́ tó bo ewé náà ni kì í jẹ́ kí oòrùn tètè fa omi ara rẹ̀ gbẹ. Wọ́n ní mo lè rí i rà ní Òṣogbo.

Ọkùnrin náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Ó pe ọ̀kan tó jọ déésì ní ₦15,000. “Àǹtí mi, ọjà òkè òkun ni.” A ná an títí, ó gbà á ní ₦9,000, mo sanwó. Ó wá ní kí n máa bomi sí i láàárọ̀ àti lálẹ́. Àyà mi já. Òǹgbẹ kọ́ ló sábà ń pa òdòdó orí òkè, omi tó dúró sí i nídìí ni. Mo gbé ike náà sókè, n ò rí ihò kankan nísàlẹ̀ rẹ̀. Mo dà á lẹ́gbẹ̀ẹ́, omi tó ń rùn bí ẹrọ̀fọ̀ gọ́tà ṣàn jáde. Mo fìka tẹ gbòǹgbò rẹ̀, ó rọ̀ bí ẹ̀fọ́ tó jinná jù, èèpo rẹ̀ bọ́ sí mi lọ́wọ́.

₦5,000 péré ló dá padà. Odidi ₦4,000 fún òdòdó tó ti kú! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa wo ìdí ike kí ẹ tó kówó sílẹ̀. Tí kò bá ti ní ihò, ẹ máa bá tiyín lọ.

Pẹ̀lú ìbínú ni mo fi dé ilé ẹ̀gbọ́n màmá mi ní Òkè-Fíà. Wọ́n fún mi ní àmàlà àti gbẹ̀gìrì, wọ́n wá mú mi lọ sẹ́yìnkùlé. “Ṣé irú eléyìí kọ́ lò ń wá kiri?”

Ewé tí a fi ń bọ́ ehoro nígbà tí mo wà ní kékeré ni! Tridax, ẹbí déésì gan-an. Mo bẹ̀rẹ̀ wò ó: eyín mẹ́ta ló wà létí ewé ìtànná funfun kọ̀ọ̀kan. Òjò ti dá tipẹ́, síbẹ̀ ó ń tanná láàárín akọ òkúta. Òkúta wẹ́wẹ́ ni Màmá kọ́kọ́ tẹ́ sísàlẹ̀, wọ́n po yanrìn odò mọ́ erùpẹ̀, wọ́n tún fi òkúta wẹ́wẹ́ bò ó lójú kí ọrùn òdòdó má baà jẹrà. Wọ́n ní kí n máa já orí rẹ̀ kó tó di òwú, torí pé tí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ ẹ, gbogbo àdúgbò ló máa gbà.

Wọ́n wú mẹ́fà fún mi sínú páálí. Ní gáréèjì, awakọ̀ gba ₦500 lórí páálí náà, mi ò tiẹ̀ ná an. Láàárọ̀ ọjọ́ karùn-ún, ọ̀kan ti tanná láàárín òkúta méjì níwájú ilé mi.