Mo jẹ òkèlè ará Nepal ní Plumstead, mo sì bá wọn fa ọ̀rọ̀ owó

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń di èlùbọ́ kún báàgì kí ẹ tó wọ bàálù Lọ́ńdọ̀nù, ẹ fún mi létí díẹ̀. Èmi náà di tèmi. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń gbé ní Thamesmead ló ní kí n gbé e wá, ó ní àmàlà tí wọ́n ń tà ládùúgbò àwọn ti wọ́n jù. Àmọ́ òkèlè tó dùn mọ́ mi jù ní gbogbo ìrìnàjò yìí, ẹni tó ro ó kì í ṣe Yorùbá, kò sì mọ ibi tí Ìbàdàn wà. Ọmọ Thakali ni, láti àgbègbè Mustang lórílẹ̀-èdè Nepal, lẹ́bàá ààlà Tibet. Oúnjẹ yẹn wọ̀ mí lára débi pé n kò lè má kọ nípa rẹ̀. Wọ́n sì tún bí mi nínú níbẹ̀, n ó sọ ìyẹn náà.

Plumstead ni mo ń wí, ní gúúsù ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù, láàárín Woolwich àti Abbey Wood. Bọ́ọ̀sì 177 tó ń ti Thamesmead lọ sí Peckham ló gbé wa débẹ̀. Ẹ̀yin àlejò, bọ́ọ̀sì Lọ́ńdọ̀nù kì í gba owó lọ́wọ́, láti 2014 ni wọn ò ti gbà á mọ́. Káàdì báńkì ni kí ẹ fi kan ẹ̀rọ, ẹ má jẹ́ kí dírẹ́bà dójú tì yín níwájú èrò. Bí ẹ bá sọ̀ kalẹ̀ ní Plumstead High Street, ẹ ó rí ṣọ́ọ̀bù àwọn èèyàn wa, ẹ ó sì rí ti àwọn ará Nepal nítòsí rẹ̀.

Àwọn sọ́jà Gurkha ló fà á tí wọ́n fi pọ̀ níbẹ̀. Láti 1815 ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti ń gba ọmọ Nepal sí iṣẹ́ ológun. Àwọn Gurkha yìí jagun fún wọn káàkiri ayé, ṣùgbọ́n fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹni tó bá ti fẹ̀yìn tì, ilé ni wọ́n ń dá a padà sí. Ọdún 2004 ni ìjọba tó gbà kí àwọn tó fẹ̀yìn tì láti 1997 máa gbé ní Ìlú Ọba. Àwọn àgbà tó ti fẹ̀yìn tì ṣáájú wọn kò rí ẹ̀tọ́ yẹn gbà àfi lọ́dún 2009, lẹ́yìn tí òṣèré Joanna Lumley, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọ̀gá láàárín àwọn Gurkha, bá wọn gbé ìjà náà lọ sí gbangba. Woolwich sì rèé, ìlú sọ́jà ni láti ayébáyé. Ibẹ̀ àti agbègbè rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn fìdí kalẹ̀ sí. Ó dùn mí pé àwọn tó ti fi ẹ̀jẹ̀ sin ìlú kan ní láti bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n tó gbé inú rẹ̀.

Ilé oúnjẹ náà kéré. N ò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí ohun tí n ó sọ lórí owó. Wọ́n kọ ọ́ sára fèrèsé pé àwọn ń se oúnjẹ Nepal àti ti Tibet. Ìrọ̀lẹ́ Sátidé ni, èrò pọ̀. Wọ́n fi wá sí tábìlì ẹnu ọ̀nà, níbi tó jẹ́ pé bí ẹnikẹ́ni bá ti ṣílẹ̀kùn, òtútù á gbá wa lẹ́sẹ̀. Tábìlì méjì ṣófo nínú lọ́hùn-ún. A ní kí wọ́n jẹ́ ká bọ́ síbẹ̀, ọmọkùnrin tó ń gbé oúnjẹ ní àwọn kan ti sanwó sílẹ̀ fún un. Títí a fi jẹun tán, kò sẹ́ni tó jókòó síbẹ̀. Bí ẹ bá ń lọ ní òpin ọ̀sẹ̀, ẹ pè wọ́n ṣáájú kí ẹ sì sọ ibi tí ẹ fẹ́ jókòó, ẹ má fi sí wọn lọ́wọ́.

A pàṣẹ momo. Fúláwà tí wọ́n tẹ́ pẹlẹbẹ ni, wọ́n á fi ẹran lílọ̀ tí àlùbọ́sà àti atalẹ̀ wà nínú rẹ̀ sí àárín, wọ́n á ṣẹ́ etí rẹ̀ po, wọ́n á sì fi ooru omi sè é. Tibet ló ti wá. Wọ́n ní àwọn oníṣòwò Newar, ẹ̀yà kan ní Nepal, tí wọ́n ń ti Kathmandu lọ nájà ní Lhasa, olú-ìlú Tibet, ló mú un wọ Nepal. Mẹ́wàá wà nínú àwo kan, owó rẹ̀ kò tó pọ́n-ùn mẹ́sàn-án, ó sì tó bẹ́ẹ̀. Ẹ má fi fọ́ọ̀kì gún un. Omi ẹran wà nínú rẹ̀, bí ẹ bá gún un, adùn rẹ̀ ti dànù sínú àwo nìyẹn. Ẹ bu etí rẹ̀ jẹ díẹ̀, ẹ fa omi náà mu, kí ẹ tó jẹ ìyókù.

Ọbẹ̀ ata tí wọ́n fi ń jẹ ẹ́, tí wọ́n ń pè ní achar, ló fa ọ̀rọ̀. Èyí tí wọ́n kọ́kọ́ gbé wá dùn bíi ṣúgà, tòmátì lásán, ata kankan ò sí níbẹ̀. Mo béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Ọmọkùnrin náà ní òun ló ní kí wọ́n dín ata rẹ̀ kù, kí ó má baà pọ̀ jù fún wa. Kò bi wá o! Ó kàn wo ojú wa ni. Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́, èyí tí ẹ̀yin fúnra yín ń jẹ nínú ilé ìdáná ni kí ẹ bù fún mi.” Nígbà tí ìyẹn dé, ara mi yá gágá. Tòmátì tí wọ́n fi iná sun, yànmọ̀tí lílọ̀, ata gbígbẹ, àti timur. Timur yìí, hóró kékeré olóòórùn ọsàn ni, inú igbó orí òkè ni wọ́n ti ń já a. Kì í ta lẹ́nu bí ata tiwa. Ètè á kọ́kọ́ kú, ahọ́n á máa gbọ̀n, lẹ́yìn náà ni ata gan-an á wá wọlé. Ẹ̀gbọ́n mi dorí sí omi. Èmi ní kí wọ́n tún bù sí i.

N ò ní pẹ́ lórí thukpa. Ọbẹ̀ olómi tó ní núdù nínú ni, ó dára nínú òtútù, iyọ̀ rẹ̀ dín díẹ̀. Tingmo, búrẹ́dì funfun tí wọ́n fi ooru sè, rọ̀ dáadáa, òun ni mo fi nu àwo. Tíì bọ́tà ni mi ò gbà. Iyọ̀ àti bọ́tà ni wọ́n ń pò mọ́ ọn. Mo mọ ìdí tí àwọn ará Tibet fi nílò rẹ̀: ilẹ̀ wọn fi ohun tó lé ní mítà 4,000 ga ju ojú òkun lọ ní ọ̀pọ̀ ibi, òtútù ibẹ̀ kì í ṣeré, ọ̀rá sì ń mú ara gbóná. Àmọ́ bọ́tà màlúù láti súpámákẹ́ẹ̀tì ni wọ́n fi ṣe tiwa, pọ́n-ùn mẹ́rin sì ni ife kan. Ó wọ́n jù.

Ojú ìwé tó gbẹ̀yìn nínú mẹ́nù ni mo ti rí dhido. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìyẹ̀fun buckwheat, hóró kan tí wọ́n ń lọ̀ bí ọkà, tí wọ́n ro nínú omi gbígbóná ni. Mo ka “ro nínú omi gbígbóná,” mo wo ẹ̀gbọ́n mi, òun náà wò mí. Ọmọkùnrin náà ní yóò pẹ́, ó ní àwọn àlejò kì í sábà fẹ́ràn rẹ̀. Mo ní kó gbé e wá. Ó pẹ́ lóòótọ́, ó pẹ́ débi pé ẹ̀gbọ́n mi bẹ̀rẹ̀ sí í wo aago. Nígbà tó sì máa dé, kì í ṣe ọmọkùnrin yẹn ló gbé e. Obìnrin tó se é fúnra rẹ̀ ló gbé e jáde, pẹ̀lú épúrọ́ọ̀nù lọ́rùn. Gbogbo wọn ń pè é ní Didi, bí a ṣe ń pe obìnrin ní Àǹtí. Ó ní òun fẹ́ rí ẹni tó ní kí wọ́n ro dhido.

Àwo ide ńlá ni. Òkèlè dúdú náà wà láàárín, ó ń rú èéfín, bọ́tà yíyọ́ lórí rẹ̀. Ọbẹ̀ ẹ̀wà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹran ewúrẹ́, ẹran gbígbẹ tí wọ́n ń pè ní sukuti, ẹ̀fọ́, àti ọbẹ̀ gundruk. Mo fọwọ́, mo gé òkèlè, mo fi àtàǹpàkò tẹ àárín rẹ̀, mo fi kó ọbẹ̀ ẹ̀wà, mo gbé e mì. Didi pàtẹ́wọ́! Ó ní ọ̀pọ̀ àlejò máa ń jẹ ẹ́ lẹ́nu ni, bẹ́ẹ̀ gbígbé mì ni wọ́n ń gbé e mì lọ́dọ̀ tiwọn náà. Ẹ̀gbọ́n mi dìde, ó ń fọwọ́ ṣàpèjúwe bí a ṣe ń fi omorogùn ro ọkà. Didi sáré wọ ilé ìdáná, ó mú tirẹ̀ jáde, igi pẹlẹbẹ tí iná ti jó létí. Ó ní bí kókó bá wà nínú dhido, ìtìjú ni fún ẹni tó ro ó. Ẹ̀gbọ́n mi fẹ́rẹ̀ẹ́ dì mọ́ ọn.

Kì í fà bí àmàlà. Ó wúwo jù ú, ó korò díẹ̀, ó sì ní òórùn ilẹ̀ lẹ́yìn òjò. Ọbẹ̀ ẹ̀wà yẹn ló gbé e níyì, nítorí wọ́n ti dín ewé jimbu sínú bọ́tà kí wọ́n tó dà á lé e lórí, Mustang sì ni jimbu yìí ti ń wá. Ẹni tó bá mọ gbẹ̀gìrì yóò mọ ohun tí mò ń sọ. Gundruk ní tirẹ̀ kan lẹ́nu. Ewé mọ́sítáàdì tàbí ti rádíìṣì ni, wọ́n á jẹ́ kó rọ, wọ́n á kì í mọ́ inú ìkòkò títí yóò fi kan, lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá sá a sóòrùn kó lè pẹ́. Oúnjẹ ìgbà òtútù ni, nígbà tí ẹ̀fọ́ tútù kò sí lórí òkè.

Didi dúró tì wá, ó ń sọ ìtàn. Àwọn Thakali ló ń gbé lójú ọ̀nà àfonífojì Kali Gandaki, níbi tí wọ́n ti ń kó iyọ̀ láti Tibet sọ̀ kalẹ̀, tí wọ́n sì ń kó ọkà gòkè. Àwọn obìnrin wọn ló ń ṣe ilé oúnjẹ àti ilé ìsùn fún àwọn oníṣòwò. Ìyá ìyá rẹ̀ ṣe é. Lẹ́yìn 1959, tí Dalai Lama, olórí ẹ̀sìn àwọn ará Tibet, sá lọ sí Íńdíà, ọ̀pọ̀ ará Tibet tẹ̀ lé e, àwọn mìíràn sì wọ Nepal, wọ́n gbé oúnjẹ wọn dání. Ìgbà yẹn ló wá yé mi ìdí tí oúnjẹ ìlú méjèèjì fi wà nínú mẹ́nù kan. Ó tún fi fọ́tò ara ògiri hàn wá, àwọn sọ́jà Gurkha nínú igbó Bọ́mà. Mo sọ fún un pé àwọn ọmọ ogun Nàìjíríà náà wà láàárín àwọn Chindits, ẹgbẹ́ ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì tó jà nínú igbó yẹn lọ́dún 1944. Kò gbọ́ ọ rí. Ó pe ọkọ rẹ̀ kó wá gbọ́.

Lẹ́yìn gbogbo ayọ̀ yìí ni bíìlì dé. Wọ́n ti fi owó service charge, ìyẹn owó ìtọ́jú oníbàárà, kún un, ìdá 12.5 nínú ọgọ́rùn-ún, ó lé ní pọ́n-ùn mẹ́fà. Wọ́n tún ka omi inú ìgò méjì sí wa lọ́rùn, omi tí a kò béèrè, tí ọmọkùnrin náà kàn gbé kalẹ̀. Ẹnu ọ̀nà tí òtútù wà ni wọ́n fi wá sí, wọ́n dín ata wa kù láìbi wá, ẹ ẹ́ wá ní kí n san owó ìtọ́jú? Mo ní kí wọ́n yọ ọ́. Ọmọkùnrin náà ní dandan ni. Mo ṣí mẹ́nù, mo fi ibi tí wọ́n fi lẹ́tà wínníwínní kọ ọ́ sí hàn án, pé oníbàárà lè san án tàbí kó má san án.

Ẹ̀gbọ́n mi ní, “Ìwọ ọmọ yìí, jẹ́ kó lọ, ojú ń tì mí.”

Mo ní, “Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n mi. Owó yín náà ni mo ń dá dúró.”

Wọ́n yọ méjèèjì, owó ìtọ́jú àti owó omi. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kó yé yín: ní England, ilé oúnjẹ tó bá ní ìwé àṣẹ láti ta ọtí gbọ́dọ̀ fún oníbàárà tó bá béèrè ní omi ẹ̀rọ lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ béèrè rẹ̀ kí wọ́n tó gbé ìgò dé. Ẹ̀gbọ́n mi sọ fún mi nínú bọ́ọ̀sì pé òfin kan ti wà láti oṣù Kẹwàá 2024 tó ní gbogbo owó bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ kan àwọn òṣìṣẹ́ lọ́wọ́. Ó dára bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, mo ti yà sí ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná kí a tó jáde, mo fi pọ́n-ùn mẹ́wàá sọ́wọ́ Didi fúnra rẹ̀. Ó kọ̀ ọ́, mo tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, ó gbà á.

A máa padà lọ. Ẹ̀gbọ́n mi ti pè wọ́n lórí fóònù: àwo dhido mẹ́ta kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ro kó tó di pé a dé, ata kíkún, tábìlì inú. Ọkọ rẹ̀ náà ń bọ̀, ó ní òun kò gbà gbọ́ àfi kí òun fi ọwọ́ òun gé e.