Ife omi kan péré

Sátidé, aago mẹ́wàá alẹ́.

Òórùn èéfín ṣì wà nínú irun mi. Mo ti wẹ̀, mo ti pààrọ̀ aṣọ, kò lọ. Àwọn panápaná àdúgbò wa ṣí ibùdó wọn sílẹ̀ fún tọmọdé tàgbà lónìí, èmi àti ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́fà, sì wà lọ́dọ̀ wọn láti àárọ̀ títí ọ̀sán fi pọ́n. Ọkọ̀ pupa ńlá yẹn ló ń fa ọmọ lẹ́sẹ̀. Èmi kàn sìn ín lọ ni, tàbí kí n sọ pé bẹ́ẹ̀ ni mo rò nígbà tí a kúrò nílé.

Wọ́n gbé ìkòkò kékeré kan ka gáàsì láàárín gbàgede. Òróró inú rẹ̀ kò ju ìdajì ife lọ. Wọ́n ta okùn sáàárín àwa àti ìkòkò náà, wọ́n ní kẹ́nikẹ́ni má kọjá rẹ̀. Òróró náà kọ́kọ́ ń rú èéfín fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ẹ́, èéfín náà wá ń ki sí i, ìgbà tó yá ni iná sọ lójú ìkòkò láìsí ẹni tó ṣáná sí i. Iná náà kéré. Ojú lásán ni mo fi ń wò ó. Obìnrin ọ̀gá panápaná tó ń ṣàlàyé fún wa béèrè pé, “Ẹ̀yin ará, kí la máa fi pa á?” Gbogbo wa dáhùn pọ̀: “Omi!” Kò bá wa jiyàn. Ó fa ìbòjú rẹ̀ sísàlẹ̀, ó mú ọ̀pá gígùn kan tí wọ́n so ife omi mọ́ lórí, ó sì da omi náà sínú ìkòkò.

Iná náà bú sókè gbòlà. Ó ga ju òrùlé ibùdó wọn lọ, ooru rẹ̀ gbá mi lójú níbi tí mo dúró sí lọ́hùn-ún. Ọmọ mi dì mọ́ mi lẹ́sẹ̀ pinpin. Fún ìgbà díẹ̀, kò sẹ́ni tó fọhùn nínú gbogbo wa. Ife omi kan péré ni o.

Ọ̀gá panápaná náà ní òróró fúyẹ́ ju omi, nítorí náà ńṣe ni omi ń rì lọ sábẹ́ rẹ̀. Òróró tó ti ń jó gbóná ju 300 lórí òṣùwọ̀n Celsius lọ, bẹ́ẹ̀ 100 ni omi ti ń hó. Kí ojú tó ṣẹ́, omi yẹn ti di ooru, ooru náà sì ń fẹ̀ tó nǹkan bí ìlọ́po 1,700 bí omi náà ṣe wà tẹ́lẹ̀. Kò ríbi gbà àfi òkè, ó sì ń gbé òróró tó ń jó dání lọ ní wẹ́wẹ́.

Ibẹ̀ ni orí mi ti wú. Lọ́dún tí mo kọ́kọ́ dá gbé, mo gbé òróró kaná, mo sì lọ bá ẹnì kan sọ̀rọ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ìgbà tí mo padà dé, iná ti gba ojú ìkòkò. Mo kígbe, mo bu omi kún abọ́, mo gbé e sókè. Màmá tó ń gbé yàrá kejì ló já wọlé. Wọ́n gbá mi lọ́wọ́, gbogbo omi náà dà sílẹ̀. Wọ́n pa gáàsì, wọ́n mú ọmọrí, wọ́n rọra tì í láti ẹ̀gbẹ́ ọ̀dọ̀ wọn bọ ojú ìkòkò, bí ìgbà tí èèyàn ń ti ilẹ̀kùn. “Jókòó,” wọ́n ní. “O ò gbọdọ̀ ṣí i.” Ọwọ́ tí wọ́n gbá mi yẹn dùn mí títí di ọjọ́ kejì, inú sì bí mi díẹ̀. Mo rò pé wọ́n kàn le ni.

Ohun tí màmá ṣe lọ́jọ́ náà gan-an ni ọ̀gá panápaná yìí padà fi hàn wá. Pa iná tó wà lábẹ́ rẹ̀ tí ọwọ́ bá tó o. Fi ọmọrí tàbí àwo onírin pẹrẹsẹ bò ó láti ẹ̀gbẹ́, má ṣe jù ú lé e. Má ṣe gbé ìkòkò náà jáde, nítorí ẹni tó bá gbé e ló máa dà á sára. Má sì ṣe yára ṣí i wò: òróró ṣì gbóná, bí atẹ́gùn bá tún kàn án, yóò tún sọ. Tí iná bá ti kọjá ìkòkò, kí gbogbo ilé jáde, kí wọ́n ti ilẹ̀kùn, kí wọ́n pe panápaná. Àdírẹ́sì ni kí èèyàn kọ́kọ́ sọ tí wọ́n bá gbé e, torí pé bí fóònù bá já lẹ́yìn náà, wọ́n á ṣì mọ ibi tí wọ́n ń bọ̀.

Lápá kejì gbàgede, panápaná kan jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín àwọn ọmọdé. Ó tó ẹ̀wù àti irinṣẹ́ rẹ̀ kalẹ̀, ó ń wọ̀ wọ́n níkọ̀ọ̀kan, ó sì ń jẹ́ kí àwọn ọmọ fọwọ́ kàn wọ́n: ṣòkòtò, bàtà, ẹ̀wù, akoto, sílíńdà afẹ́fẹ́ tó gbé kọ́ ẹ̀yìn. Gbogbo rẹ̀ ju 20 kìlógíráàmù lọ. Ìbòjú ló fi kádìí ẹ̀. Nígbà tó fà á bọ ojú, èémí rẹ̀ ń dún hìì, hàà, ọmọ mi sì sá pamọ́ sẹ́yìn mi. Ọkùnrin náà ò dìde. Ó na ọwọ́ jáde, ó ní, “Èmi náà ni. Ṣé ẹ ń gbọ́ ohùn mi?”

Ó ṣàlàyé fún àwa òbí pé tí iná bá ń jó, ọ̀pọ̀ ọmọdé kì í sá síta, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì àti inú kọ́bọ́ọ̀dù ni wọ́n ń wọ̀. Bí ẹni tí wọn ò rí ojú rẹ̀ bá wá fa èémí báyìí wọlé nínú òkùnkùn, wọ́n á tún sún wọ inú lọ sí i, wọn ò ní dáhùn. Ìdí nìyẹn tó fi ń wọ aṣọ iṣẹ́ níwájú wọn, láti ilé ìwé kan dé òmíràn. Nígbà tó yá, ọmọ mi rìn lọ bá a, ó fi àtẹ́lẹwọ́ lé dígí ìbòjú náà. Mo ní láti yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Tẹ́lẹ̀, mo rò pé ńṣe ni wọ́n máa ń jókòó de iná. Wọ́n ní kò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n ń yẹ ẹnu ọ̀pá omi ẹ̀bá títì wò bóyá omi ń jáde, wọ́n ń lọ sílé àwọn àgbàlagbà tó dá ń gbé láti bá wọn kan ẹ̀rọ tó ń ké tí èéfín bá wọlé, wọ́n ń kọ́ àwọn èèyàn bí wọ́n ṣe ń tẹ àyà ẹni tí ọkàn rẹ̀ dá iṣẹ́ dúró. Àwòrán kan wà lára ògiri wọn tó sọ̀rọ̀ nípa ẹgbẹ́ panápaná tí Benjamin Franklin àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ dá sílẹ̀ ní Philadelphia ní 1736. Aládùúgbò lásán ni wọ́n, garawa awọ ni kálukú wọn sì ń gbé wá. Mo dúró níwájú àwòrán yẹn pẹ́.

Èmi náà wọ inú àgọ́ tí wọ́n fi èéfín tí kì í pani lára kún. Lórí ìdúró, mi ò rí ọwọ́ ara mi. Mo kúnlẹ̀, mo sì rí gìgísẹ̀ ẹni tó wà níwájú mi kedere. Wọ́n ní kí n máa rá lọ, kí n má gbé ọwọ́ kúrò lára ògiri, kí n sì fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ilẹ̀kùn kí n tó ṣí i. Tó bá gbóná, kí n wá ọ̀nà mìíràn. Èéfín ló ń pa èèyàn ju ọwọ́ iná lọ, májèlé carbon monoxide tó wà nínú rẹ̀ kò sì ní àwọ̀, kò ní òórùn. Gbólóhùn kan tí wọ́n sọ kò tíì kúrò létí mi: tí o bá ti sùn, imú rẹ náà ti sùn.

Nígbà tí a délé, mo gun àga, mo tẹ bọ́tìnnì ẹ̀rọ èéfín. Ti ilé ìdáná ké. Èyí tó wà lẹ́nu ọ̀nà yàrá ọmọ mi kò fọhùn. Mo tú u sílẹ̀, mo yí i padà, ọjọ́ tí wọ́n ṣe é ti ju ọdún mẹ́wàá lọ, iye ọdún tí wọ́n ní kó lò kó tó yẹ ní pípààrọ̀. Ọjọ́ mélòó ni mo ti kọjá lábẹ́ rẹ̀, tí mo ń wò ó pé ó ń ṣọ́ wa? Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, tuntun á ti wà níbẹ̀. Mo yọ fóònù tí mo máa ń gba iná sí lábẹ́ ìrọ̀rí pẹ̀lú.

A jọ dán bí a ṣe máa sá jáde wò lẹ́ẹ̀mejì. Ọmọ mi ló yan ìdí igi iwájú ilé pé ibẹ̀ la ti máa pàdé. Lẹ́ẹ̀kejì, ó rántí bàtà rẹ̀, ó yíjú padà. Mo dì í mú. Mo ní kò sí bàtà, kò sí fóònù, kò sí ohunkóhun tí a máa padà lọ mú. Ó ronú díẹ̀. “Tó bá jẹ́ pé ìwọ lo wà nínú ilé ńkọ́?” Mo ní kó dúró sídìí igi, kó sọ fún àwọn panápaná pé mo wà nínú ilé, àwọn ló máa gbé mi jáde. Mo mú kó tún un sọ lẹ́ẹ̀mẹta. Ó sọ ọ́, àmọ́ ojú rẹ̀ kò kúrò lójú mi.

Látìgbà tí mo ti bí i ni mo ti ń fi ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀ sílẹ̀ ní ṣíṣí lálẹ́, kí n lè máa gbọ́ mímí rẹ̀. Wọ́n ní ilẹ̀kùn tó wà ní pípadé máa ń dá iná àti èéfín dúró fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ìṣẹ́jú díẹ̀ yẹn náà sì ni àwọn fi ń dé. Mo pa á dé lálẹ́ yìí. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti padà lọ fetí lé e.

Kí n tó jókòó kọ èyí, mo pe màmá. Wọ́n ti kó lọ sọ́dọ̀ ọmọ wọn, ohùn wọn ti rẹlẹ̀ díẹ̀. Mo ní, “Ẹ kú alẹ́, mà. Ẹ ṣeun fún ti ọjọ́ ìkòkò yẹn.”

“Ìkòkò wo?” ni wọ́n wí.

Mo rò ó fún wọn láti ìbẹ̀rẹ̀.