Gbèsè ní Ìbàdàn, gbèsè ní Manchester

Ẹni tó bá jẹ gbèsè ní Ìbàdàn mọ ojú olówó rẹ̀. Ó lè jẹ́ ìyá tó ń ta ìrẹsì láwìn ládùúgbò, ó lè jẹ́ ẹ̀gbọ́n ọkọ, ó sì lè jẹ́ akápò ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù níbi iṣẹ́. Bí oṣù bá parí tí owó kò délẹ̀, a ó lọ bá wọn, a ó kúnlẹ̀, a ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ fún mi di ìparí oṣù tó ń bọ̀." Wọ́n lè bínú, wọ́n lè sọ ọ̀rọ̀ tó máa dun èèyàn dé eegun, ṣùgbọ́n ẹ̀bẹ̀ ṣì ní ibi tó ń wọ̀. Ní Manchester tí à ń gbé báyìí, ẹ̀rọ ló ń gba owó. Kí ilẹ̀ tó mọ́ lọ́jọ́ tí àdéhùn pé, Direct Debit, ìyẹn àṣẹ tí a fún wọn láti máa fa owó wọn fúnra wọn ní báńkì, ti wọ àkáǹtì, ó ti mú tirẹ̀. Bí kò bá bá nǹkan kan níbẹ̀, kò sí ẹni tí a máa kúnlẹ̀ fún. Lẹ́tà ló máa tẹ̀ lé e.

Mò ń kọ èyí nítorí pé ẹ̀bẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wa tó ti ilé wá mọ̀, bẹ́ẹ̀ ìwé ló ń ṣiṣẹ́ níbí. Ẹni tó bá lè kọ gbogbo owó tó ń wọlé àti èyí tó ń jáde sílẹ̀ láìfi kọ́bọ̀ pamọ́, òfin ìlú yìí ní ọ̀nà tó là sílẹ̀ fún un. Ẹni tó bá ń sá fún lẹ́tà nítorí ìtìjú, inú lẹ́tà tí kò tú yẹn ni gbèsè rẹ̀ á ti máa sanra.

Gbèsè tiwa kì í ṣe ti fàájì. Ìwé ìgbélùú ló dá a sílẹ̀. Yàtọ̀ sí owó fíìsà fúnra rẹ̀, ìjọba ibí ń gba owó ìlera lọ́wọ́ àjèjì. Láti oṣù Kejì 2024, £1,035 ni fún àgbàlagbà kan lọ́dún kan, £776 fún ọmọdé. £624 ni ti àgbàlagbà tẹ́lẹ̀. Wọn kì í gbà á lọ́dọọdún o. Iye ọdún tí fíìsà máa lò ni wọ́n ń kó pọ̀ gbà lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ bá wa ṣírò rẹ̀ fún tọkọtaya àti ọmọ méjì, fún ọdún mẹ́ta: £10,866. Ta ló ní irú owó bẹ́ẹ̀ nílẹ̀ lẹ́yìn owó ilé àti oúnjẹ? A fi káàdì san apá kan, a yá ìyókù. Gbèsè owó tíkẹ́ẹ̀tì tí a jẹ ẹ̀gbọ́n ọkọ mi sílé sì wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Nílé, owó ilé ló sábà máa ń sọ òṣìṣẹ́ di onígbèsè. Owó ọdún kan gbáko ni onílé ń gbà, owó ajẹ́ńtì àti ti àdéhùn tún wà lórí rẹ̀. Ní Èkó, òfin ọdún 2011 ní kí onílé má gbà ju ti ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun, síbẹ̀ àwọn tó ń béèrè ọdún méjì kò tíì tán. Owó oṣù ni òṣìṣẹ́ ń gbà, owó ọdún ni onílé ń fẹ́. Àárín méjèèjì yẹn ni olówó èlé ti ń rí jẹ. Níbí, oṣooṣù la ń san owó ilé. Ohun tó ń tán owó wa níbí ni pé kò sí nǹkan tí kò ní gbèdéke tirẹ̀ nínú oṣù: ilé, iná, gáàsì, omi, fóònù, council tax (owó orí ilé tí káńsù ń gbà), owó tẹlifíṣọ̀n, ìnṣọ́ránsì mọ́tò. Kékeré ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, ṣùgbọ́n wọ́n ń wọ́ wá bí ìjàlọ.

Ìyá mi ń ta ata ní ọjà Bódìjà. Ó ní káàdì alájọ kan tó ń tọ́jú sínú agolo ṣéńjì rẹ̀: páálí pélébé tí wọ́n fi ìlà pín sí ojú mọ́kànlélọ́gbọ̀n, ọjọ́ kan, ojú kan. Bàbá alájọ á dé lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, á gba owó, á fi bírò fa ìlà sí ojú ti ọjọ́ náà. Bí oṣù bá pé, á kó owó fún un, á yọ ti ọjọ́ kan ṣoṣo bí owó iṣẹ́ tirẹ̀. Owó náà kò lé rárá. Ẹni tí kò mọ̀ á ní kí ló dé tí èèyàn á fi máa sanwó fún ẹni tó ń bá a tọ́jú owó nígbà tí báńkì wà. Ìdènà ni ìyá mi ń fi owó rẹ̀ rà. Bí aláṣọ bá kiri léèsì dé ìsọ̀ rẹ̀, tàbí tí àbúrò kan wá yáwó, owó tó ti dé ọwọ́ Bàbá alájọ kò sí nílẹ̀ mọ́, ìyá mi ò sì purọ́ tó bá ní kò sí.

Báńkì ibí ní ohun tó jọ ọ́. Èèyàn lè pín owó rẹ̀ sí àpò lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ lórí fóònù, kó kọ orúkọ sí ọ̀kọ̀ọ̀kan: oúnjẹ, bàtà ọmọ, ilé. Mo ń lò ó, ó sì dára. Ṣùgbọ́n ìka kan ló ń ṣí i. Lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì tó ti rẹ gbogbo wa, tí àwọn ọmọ ń dárúkọ pizza, kò sí Bàbá alájọ kankan láàárín èmi àti owó yẹn. Ìdí nìyí tí àwa obìnrin Yorùbá mélòó kan níbí fi ń dá àjọ, £100 lóṣù. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí n máa kó tèmi lóṣù tí ìnṣọ́ránsì mọ́tò bá bọ́ sí, kí n lè san án lẹ́ẹ̀kan, nítorí ẹni tó bá ní òun á máa san án díẹ̀díẹ̀, èlé ló sábà máa ń wà lórí rẹ̀. Owó àjọ kò ní irú ààbò tí owó báńkì ní bí ẹnì kan bá kó o sá lọ, nítorí náà, ẹni tí a kò mọ ilé rẹ̀, tí a kò mọ àwọn èèyàn rẹ̀, a kì í gbà á wọlé.

Nígbà tí gbèsè káàdì fẹ́ máa borí wa, a pe àwọn tó ń gba onígbèsè nímọ̀ràn. Ọ̀fẹ́ ni. StepChange wà, National Debtline wà, Citizens Advice náà wà. Ọmọbìnrin tó gbé fóònù pè mí lórúkọ tààrà, kò sí "mà" níbẹ̀. Ó béèrè iye tí a fi ń ra ẹran, ó béèrè ti bàtà ilé ìwé, ó béèrè iye tí ọkọ mi fi ń gẹrun. Kò bú mi, kò sì dárò mi. Ó kàn ń kọ ọ́ ni. Nígbà tó parí, ó ní owó ilé, council tax, iná àti gáàsì ni kí a máa kọ́kọ́ san. Káàdì ló gbẹ̀yìn. Ó yà mí lẹ́nu, nítorí pé àwọn oníkáàdì ló ń pariwo jù. Ó ṣàlàyé pé ẹni tí kò san owó ilé lè di aláìnílé, àti pé káńsù kì í pẹ́ gba àṣẹ kóòtù kí wọ́n tó rán agbowó wá sẹ́nu ọ̀nà. Ti káàdì, èlé àti orúkọ tó bàjẹ́ ló sábà máa ń kọ́kọ́ mú wá.

Mo ronú sí i lẹ́yìn náà. Bí a ṣe ń tò ó nílé kọ́ nìyẹn. Ẹni tó lè dójú tì wá la máa ń kọ́kọ́ san fún. Láyé àtijọ́, olówó á rán ológò wá jókòó sí ilé onígbèsè, kò ní lọ, á máa da ilé rú títí owó á fi jáde. Lónìí, obìnrin ọjà tó bá gba owó tí wọ́n ń pè ní gbọ́mú-lé-lántà, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ṣe onídùúró fún ara wọn ló máa ká a mọ́lé. Àwọn ayánilówó orí fóònù kan tún wá burú jù. Wọ́n á kó nọ́ńbà inú fóònù onígbèsè, wọ́n á fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí pásítọ̀ rẹ̀, sí ọ̀gá rẹ̀, sí àna rẹ̀ pé olè ni. Ní 2022, FCCPC, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo oníbàárà, gbé ìlànà kalẹ̀ fún wọn, wọ́n sì ní kí wọ́n wá forúkọ sílẹ̀. Inú mi dùn sí i, nítorí mo mọ obìnrin kan tí kò lè lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì mọ́ nítorí owó tí kò tó nǹkan.

Èmi ò sọ pé aláàánú ni olówó ìlú òyìnbó. Òfin ló so ó lọ́wọ́. Láti oṣù Kìíní 2015, ẹni tó ń yáni ní owó kíákíá kò gbọdọ̀ gba èlé tó ju £0.80 lọ lórí £100 lójúmọ́, àpapọ̀ èlé àti owó ìtanràn kò sì gbọdọ̀ ju iye tó yáni lọ. Láti oṣù Karùn-ún 2021, onígbèsè ní England àti Wales lè gba ìsinmi ọgọ́ta ọjọ́ nípasẹ̀ agbaninímọ̀ràn, tí ọ̀pọ̀ èlé á dúró, tí olówó ò sì ní lè máa lé e kiri. Ṣùgbọ́n gbèsè tí a kò san bó ṣe yẹ á wà lórí orúkọ ẹni, nínú àkọsílẹ̀ tí àwọn ayánilówó ń wò, fún ọdún mẹ́fà. Àwọn àgbà wa ti mọ èyí kí kọ̀ǹpútà tó dé: ẹni tó yá ẹgbẹ̀fà tí kò san án, ó bẹ́gi dínà ẹgbẹ̀fà mìíràn.

Ti ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ló ń jẹ mí lọ́kàn jù. Níbẹ̀rẹ̀ 2022 tí wọ́n yá wa lówó, pọ́n-ùn kan kò tó ₦1,000. Ní oṣù Kẹfà 2023, Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà fi náírà sílẹ̀ fún ọjà, nígbà tí 2024 fi máa parí, pọ́n-ùn kan ti sún mọ́ ₦2,000. Bí a bá fi ìwé wò ó, gbèsè wa ti fúyẹ́. Iye náírà tí wọ́n kà fún wa náà la jẹ wọ́n, wọn kò sì fi èlé kankan sí i. Àmọ́ owó tó lè ra tíkẹ́ẹ̀tì nígbà náà, kí ló lè rà báyìí? Báńkì tí kò mọ̀ wá rí ń gba èlé lọ́wọ́ wa. Ẹ̀gbọ́n tó gbà wá gbọ́ ló wá máa pàdánù? Èmi àti ọkọ mi fẹnu kò pé iye pọ́n-ùn tí owó náà jẹ́ lọ́jọ́ tí wọ́n kà á fún wa la máa san. Wọn ò béèrè rẹ̀. Ó tọ́ sí wọn.

Owó tí à ń fi ránṣẹ́ sílé náà wọ ìwé. Mo rò pé ìyá mi máa bínú nígbà tí mo pè wọ́n láti sọ fún wọn.

"Màámi, a ti ní láti dín tiyín kù díẹ̀."

"Àdùkẹ́, ṣé kò sí wàhálà o? Ṣé wọn ò fẹ́ mú yín?"

"Rárá, mà. Gbèsè fíìsà là ń san."

"Ó dáa. Iye tó o máa lè fi ránṣẹ́ tí kò ní yẹ̀ ni kó o sọ fún mi, kí n lè mọ iye tí mo máa máa dá fún alájọ."

A fi sí £60, ọjọ́ kan náà lóṣooṣù. Ìyá mi fúnra wọn ló ní kí n má dá sí aṣọ ẹbí ẹnikẹ́ni títí a ó fi bọ́, yálà nílé tàbí níbí.

Oṣù mẹ́wàá ni wọ́n ń pín council tax sí, láti oṣù Kẹrin dé oṣù Kìíní, àfi ẹni tó bá ní òun fẹ́ méjìlá. A fi tiwa sílẹ̀ ní mẹ́wàá. Owó oṣù Kejì àti oṣù Kẹta tí káńsù kì í gbà yẹn, Ìbàdàn la ń fi ránṣẹ́ sí, sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n. Bí nǹkan kan ò bá yí padà, oṣù Kẹta tó ń bọ̀ ni tiwọn máa tán, ti káàdì á wá ku ọdún méjì.