Ọ̀já Inú Ikùn

Aago mọ́kànlá alẹ́ Àbámẹ́ta ti lù. Màámi ti sùn, èmi ni mo ṣì jókòó sídìí tábìlì ìjẹun, itan mi ń gbọ̀n. Òní ni ọjọ́ kìíní ẹ̀kọ́ tí yóò sọ mí di olùkọ́ Pilates, eré ìdárayá tó ń fún ikùn àti ẹ̀yìn lágbára, mi ò sì fẹ́ kí oorun gbé ohunkóhun lọ nínú rẹ̀ kí n tó kọ ọ́ sílẹ̀.

Ọdún kẹsàn-án rèé tí mo ti ń tọ́jú àwọn àgbàlagbà ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù níbí. Gbígbé ni iṣẹ́ náà: ká gbé wọn dìde, ká gbé wọn jókòó sórí kẹ̀kẹ́, ká yí wọn padà lóru kí ara wọn má baà dégbò. Lọ́dún kẹfà, ẹ̀yìn mi kọ̀. Ó dé ibi tí mi ò lè kúnlẹ̀ kí àgbà kí n sì dìde láìdi nǹkan mú. Físíò tó ń tọ́jú mi ló ní kí n lọ sí kíláàsì Pilates kan ní àdúgbò wa, mo sì lọ láìretí ohunkóhun. Oṣù mẹ́jọ lẹ́yìn náà, mo kúnlẹ̀ kí ìyá ìjọ wa ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo dìde, n ò di àga mú. Omi bọ́ lójú mi lọ́jọ́ náà. Àjọ tí mo kó lóṣù tó kọjá ni mo fi san owó ẹ̀kọ́ yìí.

Àwa méjìlá ni. Ìtàn ni olùkọ́ wa fi bẹ̀rẹ̀. Ọmọ Jámánì ni Joseph Pilates, 1883 ni wọ́n bí i. Ọmọ aláìlera ni, ásímà ń dà á láàmú. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni Ogun Àgbáyé Kìíní bá a, wọ́n sì há a mọ́ àgọ́ pẹ̀lú àwọn ọmọ Jámánì yòókù, ní Knockaloe ní Isle of Man. Wọ́n ní ibẹ̀ ló ti ń so sípíríǹgì mọ́ bẹ́ẹ̀dì àwọn aláìsàn, kí wọ́n lè máa fà á lórí ìdùbúlẹ̀ kí ara wọn má baà kú. Mo gbé bírò sílẹ̀ níbẹ̀. Mo rántí àwọn tí mo ń yí padà lóru, mo ronú kan ẹni tó wo irú bẹ́ẹ̀dì bẹ́ẹ̀ tó sì rí ibi eré ìdárayá nínú rẹ̀. Ní 1926 ó kọjá sí New York, òun àti Clara, obìnrin tí wọ́n jọ ń gbé, sì ń kọ́ àwọn èèyàn ní Eighth Avenue. Contrology ni òun ń pe iṣẹ́ náà. Orúkọ rẹ̀ ni aráyé wá fi ń pè é lẹ́yìn rẹ̀.

Wọn ò mẹ́nu ba Kathy Grant lónìí, ṣùgbọ́n èmi ti kà nípa rẹ̀. Oníjó ni, adúláwọ̀ Amẹ́ríkà. Orúnkún tó bà jẹ́ ló gbé e dé ọ̀dọ̀ Pilates, ó sì wà lára àwọn díẹ̀ tí bàbá náà fún ní ìwé ẹ̀rí láti máa kọ́ni. Àwọn tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ sọ pé àfiwé ló fi ń kọ́ni. Èmi nìkan ni adúláwọ̀ nínú yàrá yẹn, mo sì gbé orúkọ rẹ̀ sọ́kàn wọlé.

Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán ni wọ́n pín wa ní méjì-méjì, pé kí kálukú kọ́ ẹnì kejì rẹ̀ bí a ṣe ń mí. Iṣan kan wà tó yí ikùn ká láti ẹ̀yìn wá síwájú, transversus abdominis. Bí a bá mí síta, ó yẹ kó fà mọ́ra láti di ẹ̀yìn mú. Mo mọ̀ ọ́n ṣe. Ẹnu mi ni kò mọ̀ ọ́n sọ. Olùkọ́ ní ká ṣe bí ẹni wọ corset, aṣọ tí àwọn òyìnbó fi ń fún ikùn, mo tún un sọ fún ọmọbìnrin tó wà níwájú mi bó ṣe wà nínú ìwé. Bó bá ti mí sínú, èjìká rẹ̀ á lọ bá etí rẹ̀. Mo tún un sọ. Èjìká tún gòkè. Mo dákẹ́. Báwo ni màá ṣe fi aṣọ tí n kò wọ̀ rí júwe nǹkan fún ẹlòmíràn?

Nígbà tí mo délé, Màámi béèrè ohun tí mo kọ́. Mo tẹ́ ẹní, mo ní kí wọ́n fẹ̀yìn lélẹ̀ kí wọ́n ká orúnkún sókè, mo gbé ọwọ́ lé ikùn wọn. Ni mo bá gbọ́ tí ẹnu mi sọ pé, “Màámi, ẹ rántí bí ẹ ṣe ń pọ̀n wá? Ẹ mí síta, kẹ́ ẹ fún ọ̀já.” Ikùn wọn rọra fà mọ́ra lábẹ́ ọwọ́ mi. Èjìká wọn ò mira.

Wọ́n wá ní kí èmi náà ṣe é kí àwọn wò ó. Mo dùbúlẹ̀, mo mí síta, mo fún un gírígírí bí mo ṣe máa ń ṣe é. Wọ́n gbé ọwọ́ lé mi.

“Àbẹ̀kẹ́, ìwọ fún un jù. Bí ọ̀já bá le tó báyìí, ọmọ ò ní lè mí, á máa ké. Ó kàn yẹ kó mú ọmọ dúró ni.”

Láti ọdún tí mo ti ń ṣe é, kò sẹ́ni tó sọ èyí fún mi tó yé mi. Mo dẹ̀ ẹ́ díẹ̀. Èémí wọ ìhà mi láti ẹ̀yìn, níbi tí n kò mọ̀ pé ó ń dé tẹ́lẹ̀. Mo wá gbìyánjú Hundred: orí àti ẹsẹ̀ lókè, apá ń lu afẹ́fẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara, márùn-ún fún mímí sínú, márùn-ún fún mímí síta, lọ́nà mẹ́wàá. Ọgọ́ta ni ọrùn ti máa ń dùn mí. Lálẹ́ yìí mo dé ọgọ́rùn-ún, Màámi ló ń bá mi kà á.

Ọmọbìnrin ọ̀sán yẹn kò pọnmọ rí, ọ̀já kò lè yé e. Mi ò mọ ohun tí òun máa ń dì mọ́ra láyé tirẹ̀. Màá bi í ní Àbámẹ́ta tó ń bọ̀, kí a tó tẹ́ ẹní.