Kí ilé-ẹ̀kọ́ yín tó ra wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì

Láti Ìlọrin dé Àjàṣẹ́-Ìpo, Òrò àti Òmù-Àrán ni mo ti ń bá àwọn ilé-ẹ̀kọ́ so kọ̀ǹpútà pọ̀. Iye tó máa ná wọn ni àwọn alákòóso máa ń kọ́kọ́ bi mí. Èmi náà á bi wọ́n ní tèmi: kọ̀ǹpútà mélòó lẹ fẹ́ kó máa ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, ta ni yóò sì máa tún un ṣe tí mo bá ti lọ? Ìbéèrè kejì yẹn ló máa ń pinnu ètò tí mo máa yàn.

Ọ̀nà mẹ́rin tí a fi ń so kọ̀ǹpútà pọ̀ ló wà nínú ìwé kọ̀ǹpútà tí àwọn ọmọ wa ń kà: bus, ring, star àti mesh. Bus ti kógbá sílé. Wáyà kan ṣoṣo ló ń gba ẹ̀yìn gbogbo kọ̀ǹpútà kọjá, ibì kan bá já lára rẹ̀, gbogbo yàrá dákẹ́ nìyẹn, ẹ ó sì máa wá ojú ibi tó ti já kiri. Ring, tó so kọ̀ǹpútà pọ̀ yípo bí òrùka, tí ilé-iṣẹ́ IBM fi Token Ring gbé lárugẹ ní àwọn ọdún 1980, ti di ohun àtijọ́. Ní ti mesh, kí kọ̀ǹpútà 20 tó lè ní wáyà tààrà dé ọ̀dọ̀ ara wọn, wáyà 190 lẹ máa fà.

Star ni mo máa ń yàn fún yàrá kọ̀ǹpútà, ọkàn mi sì balẹ̀ lórí rẹ̀. Ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ní wáyà tirẹ̀ tó lọ sínú switch, àpótí oníhò púpọ̀ tí gbogbo wáyà ti ń pàdé. Bí eku bá jẹ wáyà kan, ọmọ kan péré ló máa dìde kúrò lórí àga. Iná kékeré tó wà lójú ihò wáyà yẹn lára switch á kú, olùkọ́ tí kò kọ́ṣẹ́ ẹ̀rọ rárá á sì mọ èyí tó bàjẹ́, bí ẹ bá ti kọ nọ́ńbà sára wáyà lápá méjèèjì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ nọ́ńbà yẹn.

Switch fúnra rẹ̀ ni ibi tí star ti lè dójú tini: tó bá kú, gbogbo wọn ló kú. Ilé-ẹ̀kọ́ kan wà ní ìhà Ìgbómìnà tí wọ́n ra UPS, bátìrì tó ń gbé ẹ̀rọ ró bí iná bá lọ, fún gbogbo kọ̀ǹpútà wọn. Ìdánrawò JAMB ń lọ lọ́wọ́, iná lọ. Kọ̀ǹpútà ò kú, ṣùgbọ́n ihò iná ara ògiri ni wọ́n ki switch bọ̀, kì í ṣe UPS. Ìbéèrè dúró sójú kan níwájú àwọn ọmọ. Ó dùn mí fún wọn gan-an, torí láti 2015 tí JAMB ti gbé gbogbo UTME, ìdánwò ìwọlé yunifásítì, sórí kọ̀ǹpútà, kò tún sí bébà tí ọmọ lè sá sí. Switch àti server, kọ̀ǹpútà tí àwọn yòókù ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ni kí ẹ kọ́kọ́ fún ní UPS, kó tó kan ẹ̀rọ yòókù. Switch kì í jẹ iná púpọ̀. Kí ẹ sì ra ìkejì rẹ̀ sílẹ̀.

Kọ́lẹ́ẹ̀jì tó ní ilé púpọ̀ á ṣe star nínú ilé kọ̀ọ̀kan, á wá so switch ilé kọ̀ọ̀kan mọ́ switch àgbà kan, bí ẹ̀ka ṣe so mọ́ ìtì igi. Wáyà bàbà tí wọ́n ń pè ní Cat5e tàbí Cat6 ò gbọdọ̀ gùn ju mítà 100 lọ. Ṣùgbọ́n láàárín ilé sí ilé, fibre ni kí ẹ lò, kódà bí wọn ò bá jìnnà síra. Àrá ni mo ń wò. Lásìkò òjò, mànàmáná tó bọ́ sítòsí lè gba inú wáyà bàbà wọlé, kó jó switch ìhà méjèèjì. Gíláàsì ni fibre, kì í gbé iná.

Wi-Fi dára fún yàrá olùkọ́. Ẹ má fi ṣe ìdánwò: ńṣe ni àwọn ẹ̀rọ á máa dúró de ara wọn.

Bí ẹ bá dé ọjà, ẹ fi ọ̀bẹ fá okùn tín-ín-rín inú wáyà náà. Bí pupa bá ṣí tí funfun yọ lábẹ́, alumíníọ́ọ̀mù ni wọ́n fi bàbà bò. Ẹ dá a padà, kì í pẹ́ kán.

Olùkọ́ kọ̀ǹpútà yín gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí a bá ń fi orí RJ45, ike kékeré tí a ń ki bọ ihò ẹ̀rọ, sí ẹnu wáyà. Òun fúnra rẹ̀ ni mo máa ń ní kó to okùn mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ, kó tò wọ́n bákan náà lórí kejì, kó sì tẹ̀ ẹ́. Irinṣẹ́ tí a fi ń tẹ̀ ẹ́ àti àpò orí RJ45 kan máa ń wà nínú owó tí mo bá kọ, ọwọ́ rẹ̀ ni mo sì máa ń fi wọ́n sí.