Ata ni mo ní mo fẹ́ rà

Ata àti pọ̀nmọ́ ló gbé mi dé Ọjà Ọba l'Ákùrẹ́ láàárọ̀ yìí o. Bí mo ṣe ń kọjá níwájú ìsọ̀ aláṣọ, àǹkárá aláwọ̀ aró kan gba ojú mi. Màmá tó ń tà á ti rí mi: "Ìyàwó mi, fọwọ́ kàn án wò, ọ̀fẹ́ ni." Ọ̀fẹ́ kẹ̀!

Mo bá fi fídíò pe àbúrò mi ní Kánádà kó lè dá mi lẹ́kun. Àṣé epo ni mo lọ bù síná. "Àǹtí mi, ẹ ra tèmi náà, ká jọ dá a!" Ló bá tún ń bá màmá náà ná an lórí fóònù. Nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ń já, àmọ́ àbúrò mi kò gbà: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ gbà á bẹ́ẹ̀."

Ta ló ń lọ Kánádà láìpẹ́ yìí? Ọ̀pá mẹ́fà péré ni, kò wúwo.