Ọjọ́ tí ẹ́ńjìnnì mi dùn jù ló nọ́ọ̀kì: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nídìí jẹ́ẹ̀tì kabúrétọ̀

Oṣù méjì ò tíì pé, ó ṣì ń dùn mí. Ẹ jẹ́ kí n yáa kọ ọ́ sílẹ̀ báyìí kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ṣe ẹ̀rín. Ẹ̀yin tí ẹ ń gun alùpùpù two-stroke nínú ẹrẹ̀ bíi tèmi, tí ẹ ti lu ihò sára àpótí fíltà yín tàbí tí ẹ ti pààrọ̀ sálẹ́ńsà, tí ẹ wá ń sọ pé tó bá di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ẹ máa wo jẹ́ẹ̀tì (ihò kékeré tí epo ń gbà kọjá nínú kabúrétọ̀ kó tó bá afẹ́fẹ́ pò), ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀.

Yamaha YZ250 ni mò ń gùn, níbí ní Houston. Ní oṣù Kejìlá, nígbà tí ibiṣẹ́ wa gba ìsinmi, mo ṣe nǹkan mẹ́ta sí i. Mo lu ihò 8 sára àpótí fíltà kí afẹ́fẹ́ lè wọlé dáadáa. Mo pààrọ̀ rẹ́ẹ̀dì, ewé fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí afẹ́fẹ́ àti epo ń gbà wọ ẹ́ńjìnnì. Mo pààrọ̀ sálẹ́ńsà láti iwájú dé ẹ̀yìn. Kabúrétọ̀ nìkan ni mi ò fọwọ́ kàn. Jẹ́ẹ̀tì ńlá tó wà nínú rẹ̀, 178 ni (bí nọ́ńbà bá ṣe tóbi ni epo tó ń kọjá ṣe ń pọ̀), mo sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má wulẹ̀ sọ pé mi ò mọ̀ pé ó yẹ kí n pààrọ̀ rẹ̀. Mo mọ̀. Òtútù ń mú, mi ò fẹ́ kí bẹntiróòlù ta sí mi lọ́wọ́, ọ̀lẹ sì ni mí lọ́jọ́ náà. Ìyẹn náà ni.

Sátidé kejì nínú oṣù Kíní, òtútù ya wọ Texas. Fóònù mi ní 36 Fahrenheit ni, ìrì ti dì funfun lórí koríko ní pápá tí a máa ń lò lẹ́yìn Conroe. Mo tẹ kíìkì lẹ́ẹ̀mejì, ó dáhùn. Mo jẹ́ kó gbóná dáadáa kí n tó gùn ún, nítorí náà kí ẹ má sọ pé mo gùn ún ní tútù.

Ẹ̀yin ará, alùpùpù yẹn dùn! Mi ò gùn ún kó dùn báyẹn rí. Èéfín kò sí. Bí mo bá ti yí ọwọ́ fún un níná báyìí, ó ti lọ. Ohùn rẹ̀ mú ṣáṣá, gbogbo bọ̀bọ̀bọ̀ tó máa ń ṣe nísàlẹ̀ ti pòórá. Mò ń dá rẹ́rìn-ín nínú àṣíborí. Mo ní ihò mẹ́jọ wọ̀nyí mà ṣiṣẹ́ o.

Nǹkan méjì ṣẹlẹ̀ tó yẹ kó ta mí jí. Tí mo bá dá iná padà, ẹ́ńjìnnì kì í tètè wálẹ̀, á ṣì máa ké lókè kó tó rántí pé ó yẹ kóun sílò. Èkejì, tí mo bá yí iná tán pátápátá, mò ń gbọ́ nǹkan kan tó ń dún ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ́ lábẹ́ ohùn rẹ̀, bí owó ẹyọ tí wọ́n ń mì nínú agolo. Mo gbọ́ ọ. Mo ní ṣéènì ni.

Ibi tó gùn jù ní pápá yẹn tẹ́jú bí tábìlì. Mo wà ní gíà karùn-ún, iná ti tán lọ́wọ́ mi. Mo rí i pé agbára rẹ̀ rọ̀ díẹ̀, díẹ̀ báyìí, bí ìgbà tí ọmọdé fi ìka kan fa èèyàn lẹ́wù láti ẹ̀yìn. Kàkà kí n fa kílọ́ọ̀sì, mo tún ń yí ọwọ́ iná tí kò ní ibi tó ń lọ mọ́. Táyà ẹ̀yìn gan pa. Ariwo dá wáí. Ohun tí mo gbọ́ tẹ̀lé e ni táyà tó ń ha ilẹ̀, lẹ́yìn náà ó di èmi nílẹ̀.

Nígbà tí mo dìde, ìdákẹ́jẹ́ yẹn ló bà mí lẹ́rù jù. Irin ń dún kọ́, kọ́, kọ́ bó ṣe ń tutù. Mo tẹ kíìkì, kò lọ. Mo gun orí rẹ̀, mo fi gbogbo ara mi lé e, ó dúró bí ẹni tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́. Ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn kì í ṣe owó, ọ̀rọ̀ tí ìyàwó mi sọ nípa rẹ́ẹ̀dì yẹn lọ́jọ́ Kérésì ni. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n kan tí a jọ ń gùn débẹ̀. Wọn ò sọ nǹkan kan. Wọ́n mú sípánà púlọ́ọ̀gì, wọ́n tú u, wọ́n gbé e lé mi lọ́wọ́. Púlọ́ọ̀gì tó yẹ kó ní àwọ̀ kọfí, funfun ni, funfun bí ẹfun. Mo gbé e sún mọ́ ojú, mo wá rí àwọn hóró tíntìntín tó ń dán lára rẹ̀, bí iyọ̀ tó ta sí i. Písítìn mi ni. Písítìn mi ló ń yọ́ tó ń ta sára púlọ́ọ̀gì, lákòókò tí mò ń rẹ́rìn-ín.

Lálẹ́, mo pe ọ̀gá tó kọ́kọ́ jẹ́ kí n fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì ní Ìbàdàn. Wọ́n jẹ́ kí n rojọ́ mi tán.

"O ṣílẹ̀kùn fún afẹ́fẹ́. Ṣé o ṣí i fún epo?"

"Rárá sà."

"O kú ewu." Wọ́n bú sẹ́rìn-ín.

Gbogbo rẹ̀ náà nìyẹn. Two-stroke kò ní ọ́ìlì tirẹ̀ lábẹ́ bíi ti ọkọ̀. Ẹ rántí jẹnẹrétọ̀ kékeré tí a ń pè ní I pass my neighbour, tó jẹ́ pé inú bẹntiróòlù la ti ń da ọ́ìlì rẹ̀. Bákan náà ni. Tí epo kò bá tó, iná inú rẹ̀ á gbóná jù, ọ́ìlì tó ń dé ara sílíńdà náà á sì dín kù. Òtútù wá bù kún un, torí afẹ́fẹ́ tútù ki ju èyí tó gbóná lọ, ó ń fẹ́ epo sí i. Jẹ́ẹ̀tì tó ń tó o nínú ooru oṣù Kẹjọ kò lè tó o ní oṣù Kíní, ká má tilẹ̀ tíì sọ ti ihò mẹ́jọ.

Ẹnìkan ti sọ fún mi pé ọ́ìlì ni mi ò pò dáadáa. Mo pò ó! Bẹntiróòlù gálọ́ọ̀nù kan, ọ́ìlì ọ́únsì 4, ìyẹn 32 sí 1, ife ni mo fi ń wọ̀n ọ́n. Ẹ má sì rò pé ẹ lè fi ọ́ìlì púpọ̀ dípò jẹ́ẹ̀tì. Ihò kan náà ni méjèèjì ń gbà kọjá. Bí ọ́ìlì ṣe ń pọ̀ sí i ni bẹntiróòlù á máa dín kù.

Ṣùgbọ́n èyí tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ jù ni ti adùn yẹn. Ẹ́ńjìnnì tí epo rẹ̀ kò tó kì í ṣàìsàn kó tó kú. Ṣe ló máa ń dùn. Èyí tí epo pọ̀ jù fún á máa wúkọ́, á máa rú èéfín, ẹ ó máa ṣépè fún un, ṣùgbọ́n á gbé yín délé. Tí ẹ bá ti ṣí afẹ́fẹ́, tó wá ń dùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ láìjẹ́ pé ẹ fọwọ́ kan jẹ́ẹ̀tì, ẹ pa á níbẹ̀ yẹn. Ẹ má lọ yíká ẹ̀ẹ̀kan sí i.

Wọ́n ti tún inú sílíńdà ṣe, mo ra písítìn tuntun, ó sún mọ́ 600 dọ́là. Jẹ́ẹ̀tì tó yẹ kí n ti kọ́kọ́ rà, dọ́là díẹ̀ péré ni. Mo bẹ̀rẹ̀ láti 190 kí epo pọ̀ jù, mo ń bọ̀ nísàlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. 185 ló jókòó. Jẹ́ẹ̀tì kékeré lọ láti 50 sí 52, mo sún kílíìpù abẹ́rẹ́ inú kabúrétọ̀ wálẹ̀ ẹyọ kan kí abẹ́rẹ́ lè gbéra sókè, kí epo lè pọ̀ sí i. Mo lẹ téèpù mọ́ ọwọ́ iná kí n lè mọ ibi tí mo wà: láti sílò dé ìdámẹ́rin, jẹ́ẹ̀tì kékeré ló ni ín, abẹ́rẹ́ ló ni àárín, jẹ́ẹ̀tì ńlá ló ni òkè. Tí ẹ bá fẹ́ wo púlọ́ọ̀gì, ẹ yí iná tán, ẹ pa á lórí eré, kí ẹ fa kílọ́ọ̀sì lẹ́ẹ̀kan náà. Tí ẹ bá jẹ́ kó sílò kó tó kú, àwọ̀ sílò ni ẹ ó rí.

Sátidé tó kọjá, ọmọkùnrin kan wá sí pápá. Ó ti gé ẹ̀gbẹ́ àpótí fíltà rẹ̀, sálẹ́ńsà tuntun ń dán. Ó gùn ún lọ, ó gùn ún bọ̀, kò sí èéfín rárá. Ó ṣí àṣíborí, ó ní, "Bọ̀dá, kò dùn báyìí rí!"

Mo ní kó pa á. Mo ti ń wá sípánà púlọ́ọ̀gì nínú àpò mi.